Bí ilé iṣẹ́ káfíńtà mi ṣe bọ́ lọ́wọ́ títì pa

Ìjọba ìbílẹ̀ ní kí n ti ilé iṣẹ́ mi, torí àwọn ilé gbígbé ló yí i ká. Mo tún lẹ́tà náà kà fínnífínní: ariwo ni wọ́n ń bá jà, kì í ṣe iṣẹ́ káfíńtà. Ibẹ̀ ni ọ̀nà ti là.

Mo gbé ẹ̀rọ ìlagi kúrò lẹ́bàá ọgbà aládùúgbò, ó jìnnà ní ìlọ́po méjì. Níbi tí kò sí ògiri tó ń dá ohùn padà, ìyẹn nìkan ń dín ariwo kù ní nǹkan bíi dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 6 (dẹ́síbẹ́ẹ̀lì ni wọ́n fi ń wọn bí ariwo ṣe pọ̀ tó). Màmá ẹ̀yìnkùlé sọ fún mi pé ọmọ-ọmọ àwọn kì í rí oorun ọ̀sán sùn. Ó dùn mí gan-an. Mo kọ wákàtí oorun ọmọ náà sínú ìwé tuntun tí mo fi tọrọ àṣẹ lọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀: ẹ̀rọ ò ní dún nígbà náà. Wọ́n fọwọ́ sí i.