Bí mo ṣe fi ìṣirò wá ẹwà nínú àdìrẹ Ìbàdàndùn

Àdìrẹ ẹlẹ́kọ ni mo lò. Àwòrán ọwọ́ ni: ìyẹ́ adìyẹ ni wọ́n fi ń ya ẹ̀kọ láfún sára aṣọ kí wọ́n tó rì í sínú aró. Mẹ́wàá ni mo yá lọ́wọ́ àwọn ìyá àdúgbò wa nílùú Ìbàdàn, Ìbàdàndùn ni gbogbo wọn, èyí tí òpó Gbọ̀ngàn Màpó máa ń wà lára rẹ̀ pẹ̀lú ṣíbí.

Mo kọ́kọ́ ní kí àwọn èèyàn fún aṣọ kọ̀ọ̀kan ní máàkì, látorí 1 dé 10. Àṣìṣe ńlá! Màmá kan fún gbogbo wọn ní 10. Ó ní, “Ta ni kí n fún ní méjì? Ṣé ẹni tó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ títí ẹ̀yìn fi ń dùn ún?” Ìgbà náà ni mo rántí Gustav Fechner, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Jámánì, tó jẹ́ pé, nínú ìwé tó gbé jáde lọ́dún 1876, onígun mẹ́rin mẹ́wàá ló gbé síwájú àwọn èèyàn pé kí wọ́n mú èyí tó wù wọ́n jù. Èmi wá ń kó àwọn aṣọ náà síwájú wọn ní méjì méjì: “Tó bá jẹ́ owó yín ni, èwo lẹ máa rà?” Aṣọ mẹ́wàá, ìdíje 45. Ìrọ̀lẹ́ méjì ni mo pín in sí, torí nígbà tó yá “èyíkéyìí” ni wọ́n ń dá mi lóhùn.

Mo fẹ́ mọ̀ bóyá funfun ara aṣọ ló ń mú kó wù wọ́n, ni mo bá yà wọ́n ní fọ́tò kí kọ̀ǹpútà lè ka ìwọ̀n funfun tó wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan. Oòrùn mú àwọn kan, ìkùukùu bo àwọn yòókù, mo bá tún gbogbo rẹ̀ yà lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ ní wákàtí kan náà.

Mo to aṣọ náà gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe borí, mo tún tò wọ́n bí funfun wọn ṣe pọ̀ tó. Mo yọ ipò kan kúrò nínú èkejì, mo sọ èsì kọ̀ọ̀kan di ìlọ́po ara rẹ̀, mo ro wọ́n pọ̀: 96. Mo fi 6 sọ ọ́ di púpọ̀, mo fi 990 pín in, mo yọ ọ́ kúrò nínú 1. Ó ku 0.42: iye yìí ló ń sọ bí ìtò méjèèjì ṣe bára mu tó, 1 ló sì máa jẹ́ tí wọ́n bá bára mu pátápátá. Fún nǹkan mẹ́wàá, ó yẹ kó tó nǹkan bí 0.648 kí n tó lè fọwọ́ sọ̀yà pé kì í ṣe kòńgẹ́ lásán.

Ó dùn mí díẹ̀. Màmá yẹn ló rẹ́rìn-ín: “Màpó la kọ́kọ́ ń wò, ọmọ mi.” Lóòótọ́, òpó aṣọ tó borí dúró ṣánṣán, ti èyí tó gbẹ̀yìn tẹ̀ bí igi iṣu tí ìjì gbá. Rúlà ló wà lọ́wọ́ mi báyìí, òpó kẹta ni mo wà.