Kí Ẹ Tó Gbé Búrọ́ọ̀ṣì: Àwọn Àṣìṣe Tó Ń Pa Tánkì Iyùn Tí Wọ́n Ti Pa Tì

Wọ́n pè mí sí ilé kan ní Ìbarà, níbí l'Abẹ́òkúta, lẹ́yìn oṣù mẹ́jọ tí onílé ti rin ìrìn-àjò. Tánkì omi òkun kékeré kan wà ní pálọ̀ rẹ̀, kò ju lítà 60 lọ. Pọ́ọ̀ǹpù ṣì ń ṣiṣẹ́, wọ́n sì ń bọ́ ẹja, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó pààrọ̀ omi rẹ̀ látọjọ́ tí ọ̀gá ti lọ. Koríko omi ti bo dígí débi pé ojú kò ríran wọ inú ẹ̀. Iyọ̀ ti gan mọ́ etí rẹ̀ bí èépá. Àbúrò onílé ti gbé korobá, búrọ́ọ̀ṣì àti ọṣẹ jáde. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká fọ gbogbo ẹ̀ lónìí, kí bọ̀dá bá a ní mímọ́." Mo ní kó dá búrọ́ọ̀ṣì náà padà síbi tó ti mú un.

Ohun tó fẹ́ ṣe yẹn gan-an ni mo ṣe sí tánkì àkọ́kọ́ tí mo gbà tún ṣe, ní Òkè-Ìlẹ̀wó. Mo kó òkúta inú rẹ̀ síta, mo fi omi ẹ̀rọ fọ̀ wọ́n títí wọ́n fi funfun, mo sì da omi tuntun kún un. Ó wu ojú. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kẹta, ẹja clownfish méjèèjì ti kú, iyùn tó kù sì ti jẹrà kúrò lára egungun rẹ̀. Ó ṣì ń dùn mí.

Iyùn tí à ń wí yìí, ìbátan iyùn tí àwọn ọba ń wọ̀ sọ́rùn ni. Tọrùn ọba jẹ́ egungun lásán. Tinú tánkì ṣì wà láàyè, ó ń jẹun, ooru ń mú un, ìpayà sì lè pa á. Ẹ fi èyí sọ́kàn kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Àṣìṣe àkọ́kọ́ ni kí èèyàn rò pé ìdọ̀tí ni gbogbo ohun tó wà lára òkúta. Àwa ará Abẹ́òkúta mọ òkúta, ṣùgbọ́n òkúta Olúmọ tó le gbagidi yàtọ̀ sí èyí. Ti inú òkun kún fún ihò wẹ́wẹ́, inú ihò wọ̀nyẹn sì ni àwọn kòkòrò àìfojúrí ń gbé. Ìgbẹ́ àti ìtọ̀ ẹja, pẹ̀lú oúnjẹ tó ṣẹ́kù, ló ń di ammonia, èyí tó jẹ́ májèlé. Àwọn kòkòrò yìí ló ń sọ ammonia di nitrite, tí àwọn mìíràn ń sọ nitrite di nitrate, tí kò fi bẹ́ẹ̀ léwu. Chlorine inú omi ẹ̀rọ ń pa wọ́n, ọṣẹ tún burú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí wọ́n bá kú, ó máa ń tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà kí òmíràn tó gbilẹ̀, ẹja kò sì lè dúró dè wọ́n. Bí òkúta kan bá dọ̀tí jù, inú korobá tí ẹ bu omi tánkì náà sí ni kí ẹ ti mì ín, kí ẹ dá a padà.

Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù lọ kò kan ẹja, èèyàn ló kàn. Àwọn kan máa ń se òkúta náà lórí iná, tàbí kí wọ́n da omi gbígbóná lé e, kí wọ́n lè pa koríko àti kòkòrò ara rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dán an wò láé. Oríṣi ẹ̀dá kan wà tó jọ òdòdó kéékèèké, tí wọ́n ń pè ní zoanthid, tó máa ń lẹ̀ mọ́ òkúta; àwọn kan lára wọn ní májèlé palytoxin nínú, ọ̀kan lára májèlé tó lágbára jù tí a mọ̀. Tí a bá sè é, oóru rẹ̀ á gbé májèlé náà wọ imú gbogbo ará ilé. Ó ti gbé odindi ìdílé dé ilé ìwòsàn rí nílẹ̀ òkèèrè. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ wọ awò ojú, ẹ má sì ki ọwọ́ tó ní egbò bọ inú tánkì tí ẹ kò mọ ohun tó wà níbẹ̀.

Àṣìṣe tó tẹ̀ lé e ni pípààrọ̀ gbogbo omi lẹ́ẹ̀kan náà. Omi tí wọ́n ti pa tì fún oṣù púpọ̀ máa ń ní nitrate púpọ̀, pH rẹ̀, ìyẹn òǹkà tó máa ń kéré sí i bí omi bá ṣe ń kan sí i, sì máa ń lọ sílẹ̀. Ohun tó bá ṣì wà láàyè níbẹ̀ ti mọ́ra. Nínú omi tí pH rẹ̀ kéré, ọ̀pọ̀ ammonia máa ń wà ní ipò tí kì í fi bẹ́ẹ̀ pa ẹja lára. Bí ẹ bá wá da omi tuntun rẹpẹtẹ sí i, tí pH fò sókè láti 7.6 sí 8.3 lójijì, ammonia kan náà á di èyí tó ń pani. Nítorí náà ni ẹja fi ń kú nínú omi tó mọ́ gaara, tí onílé á sì máa ṣe kàyéfì. Ìdá kan nínú mẹ́wàá ni mo máa ń pààrọ̀, kí n fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin márùn-ún, kí n tó tún ṣe é.

Kí ẹ tó pààrọ̀ rárá, ẹ wọn iyọ̀ rẹ̀. Omi ló ń gbẹ, iyọ̀ kì í bá a lọ. Tánkì tó ti dín ní ìka mẹ́ta ti níyọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, ẹni tó bá sì fi omi iyọ̀ kún un ti dá kún ìṣòro. Omi tí kò níyọ̀ la fi ń dí èyí tó gbẹ. 1.025 tàbí 1.026 ni à ń wá lójú refractometer, irinṣẹ́ tí a fi ń wo bí iyọ̀ omi ṣe pọ̀ tó, ìyẹn bíi gíráàmù 35 iyọ̀ nínú lítà kan. Bí ẹ bá bá a ní 1.032, ẹ má fà á wálẹ̀ lọ́jọ́ kan, 0.001 tàbí 0.002 lóòjọ́ ti tó.

Níbo wá ni omi náà ti ń wá? Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ìlú wa ti wọlé. Ọ̀pọ̀ máa ń gbé agbada sábẹ́ òrùlé nígbà òjò, wọ́n ní omi ọ̀run mọ́. Òótọ́ ni, kó tó kan páànù. Síńkì tí wọ́n fi bo páànù ń yọ́ sínú omi òjò, ìwọ̀nba díẹ̀ rẹ̀ sì ti tó láti pa edé àti ìgbín inú tánkì. Bàbà náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí náà ẹ má da oògùn ẹja tó ní bàbà sínú tánkì tí iyùn wà. Ó máa ń wọnú òkúta, kì í sì í tètè jáde. Píọ̀ wọ́tà mọ́ fún ẹnu wa, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ rẹ̀ ṣì ní èròjà inú ilẹ̀ nínú. Omi tí wọ́n fi ẹ̀rọ RO (reverse osmosis), tó ń yọ èròjà inú omi kúrò, sẹ́ dáadáa ló dára jù.

Iyọ̀ ọbẹ̀ kò lè ṣe é. Kò ní calcium àti magnesium tí iyùn fi ń kọ́ egungun. Àwọn kan á sọ pé àwọn á lọ pọn omi létíkun l'Ékòó, kò kúkú jìnnà. Ẹ rántí pé Odò Ògùn tó ń ṣàn kọjá ní Láfẹ́nwá, ọ̀sà Èkó ló ń já sí, ọ̀sà sì ń tú sókun pẹ̀lú gbogbo ẹ̀gbin tó gbé. Nígbà òjò, omi etíkun yẹn kì í níyọ̀ tó. Iyọ̀ tí wọ́n ṣe fún tánkì iyùn ni kí ẹ rà, kí ẹ pò ó nínú korobá pẹ̀lú pọ́ọ̀ǹpù di ọjọ́ kejì. Ẹ má bù ú sínú tánkì ní gbígbẹ.

Yanrìn ńkọ́? Bó bá nípọn, ẹ má rú u. Afẹ́fẹ́ olóòórùn ẹyin bíbàjẹ́ tó wà nísàlẹ̀ lè pa gbogbo ohun tó wà lókè. Apá kékeré ni kí ẹ máa fi rọ́bà fa ìdọ̀tí rẹ̀ lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan.

Ooru February àti March l'Abẹ́òkúta kì í ṣeré. Iyùn ń fẹ́ omi tí ooru rẹ̀ wà láàárín 24 sí 26°C. Bó bá kọjá 30 tó sì pẹ́ níbẹ̀, ó máa ń lé àwọn ewéko tíntìntín tó ń gbé ara rẹ̀ jáde, á sì funfun báláú. Àṣìṣe ni kí ẹ ju yìnyín sínú omi. Fáànù kékeré tó ń fẹ́ sójú omi lè mú un wálẹ̀ ní ìwọ̀n méjì sí mẹ́ta, bó tilẹ̀ jẹ́ pé omi á máa gbẹ kíákíá, ẹ ó sì máa dí i. Bí NEPA bá sì mú iná lọ, àìsí èémí nínú omi ló ń kọ́kọ́ pa ẹja. Pọ́ọ̀ǹpù afẹ́fẹ́ alábátìrì kan níye lórí ju iná olówó ńlá lọ, lójú tèmi. Tí ẹ bá sì ra iná tuntun tó mọ́lẹ̀ gan-an, ẹ má tàn án fún wákàtí mẹ́wàá lọ́jọ́ kìíní. Iyùn tó ti wà lókùnkùn á jóná. Wákàtí mẹ́rin ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀.

Ẹ sọ fún ará ilé pé kí wọ́n má fín oògùn ẹ̀fọn ní yàrá náà. Edé àti akàn sún mọ́ kòkòrò ju bí a ṣe rò lọ, oògùn tó ń pa ẹ̀fọn sì ń pa wọ́n.

Bí ẹ bá rí Aiptasia, ohun aláwọ̀ ilẹ̀ tó jọ igi ọ̀pẹ kéékèèké, ẹ má gé e. Èérún kọ̀ọ̀kan á di odindi.

Ní Ìbarà lọ́jọ́ yẹn, dígí iwájú nìkan ni mo ha. Mo pààrọ̀ lítà 6, mo gbé fáànù sí i, mo sì lọ sílé. Àbúrò onílé kò dunnú. Ó di oṣù kẹta kí n tó gbà kí wọ́n ra ìgbín méjì sí i, ẹja tuntun kò sì tíì wọ ibẹ̀.