Bí Mo Ṣe Ta Àwọn Ìbọn Àlòkù Mi ní Houston

Iye tí ẹ fi ra ìbọn kò kan ẹni tí ẹ fẹ́ tà á fún. Ohun tó kàn án ni iye tí òun náà lè rí lórí rẹ̀, àti bí irú rẹ̀ ṣe pọ̀ tó nígboro. Mo fẹ́ kí ọmọ Yorùbá tó bá ní ìbọn lọ́nà òfin ní Amẹ́ríkà mọ èyí kó tó gbé e dé iwájú ẹnikẹ́ni. Mo ti rí àwọn èèyàn wa tó bínú jáde ní ṣọ́ọ̀bù, tí wọ́n gbà pé àwọ̀ àwọn ni wọ́n ń wò tí wọ́n fi pe owó kékeré, bẹ́ẹ̀ iye kan náà ni wọ́n ń pè fún gbogbo èèyàn.

Mẹ́ta ni tèmi: Glock 22, tí í ṣe ìbọn ìléwọ́, Marlin 336, ráífù tí èmi àtàwọn ọ̀rẹ́ mi fi ń dẹ ẹlẹ́dẹ̀ igbó, torí ẹlẹ́dẹ̀ igbó ń ba oko jẹ́ gan-an ní Texas, àti Mossberg 500, ìyẹn shotgun pump-action, tí a ń fọwọ́ fà síwá sẹ́yìn kí ọta tó wọlé. Àwọn ọmọ wa ti dé ọjọ́ orí tí wọ́n ń ṣí gbogbo àpótí inú ilé. Òfin Texas sì kà á sí ẹ̀ṣẹ̀ bí ẹnì kan bá fi ìbọn tó ṣe é yìn síbi tí ọwọ́ ọmọ tí kò tíì pé ọdún 17 lè tó. Èmi àti ìyàwó mi jókòó, a sì fẹnu kò pé ìbọn kan ṣoṣo ló máa kù nílé, ìbọn ìléwọ́ tó ń lo ọta 9mm tí àwa méjèèjì lè lò láìtiraka, inú séèfù tí a dè mọ́ ilẹ̀ ni yóò sì máa gbé.

Ìwádìí ni mo kọ́kọ́ ṣe. Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń wò ni GunBroker, ọjà gbàǹjo orí íntánẹ́ẹ̀tì tó ti wà láti 1999. Iye tí àwọn olọ́jà kọ síbẹ̀ kò ní ìtumọ̀ kankan. Ẹnikẹ́ni ló lè pe ẹgbẹ̀rún dọ́là lórí ìbọn tí kò ju irínwó lọ. Ẹ forúkọ sílẹ̀, ẹ wá wo àwọn ọjà tó ti parí, tí ẹnì kan ti sanwó lé lórí. Iye ọjà nìyẹn. Ìwé ńlá kan tún wà tí wọ́n ń pè ní Blue Book of Gun Values, ó máa ń pín iye ìbọn sí ọ̀nà púpọ̀ gẹ́gẹ́ bí àwọ̀ irin àti igi rẹ̀ ṣe kù sí. Mo wo méjèèjì, mo kọ iye tí mo rò pé ìkọ̀ọ̀kan máa mú wá sílẹ̀, kí n má bàa dúró níwájú káńtà láìmọ ohun tí mò ń gbọ́.

Glock 22 ló kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu, torí ìbọn dáadáa ni, kò sì já mi kulẹ̀ rí. Ọta .40 S&W ló ń lò. Ìtàn ọta yẹn ló sì pa owó ìbọn náà. Ní oṣù kẹrin ọdún 1986, àwọn òṣìṣẹ́ FBI, iléeṣẹ́ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ìjọba àpapọ̀, kojú ọlọ́ṣà méjì ní Miami, méjì nínú àwọn òṣìṣẹ́ náà sì kú. Lẹ́yìn náà ni FBI bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọta tó lágbára ju 9mm lọ, látibẹ̀ ni .40 S&W ti jáde ní 1990, àwọn ọlọ́pàá káàkiri Amẹ́ríkà sì gbá tọ̀ ọ́. Nígbà tó yá, ọta 9mm ìgbàlódé dára sí i, ó rọrùn láti yìn, kò sì wọ́n tó .40. FBI padà sí 9mm, àwọn iléeṣẹ́ ọlọ́pàá tẹ̀ lé wọn, wọ́n sì kó àwọn ìbọn .40 wọn fún àwọn alágbàtà láti fi pààrọ̀ tuntun. Nígbà tí iṣu tuntun bá ya bo ọjà, ta ló ń ra iṣu lówó gọbọi? Inú gíláàsì ṣọ́ọ̀bù tí mo lọ, Glock 22 ọlọ́pàá tò sílẹ̀ ní 329 dọ́là, àwọn mìíràn nínú wọn kò tíì yin ọta púpọ̀. Ta ló máa san jù bẹ́ẹ̀ lọ fún tèmi?

Marlin yàtọ̀ pátápátá. Ọdún 1948 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe 336, ó sì pọ̀ lọ́wọ́ àwọn ọdẹ. Àmọ́ ẹ wo ara ọ̀pá rẹ̀ nítòsí ibi tó ti wọ inú ara ìbọn: tí ẹ bá rí J àti M nínú àmì kékeré roboto, iléeṣẹ́ àtijọ́ ní North Haven, Connecticut, ló ṣe é. Ní ìparí 2007 ni Remington ra Marlin, wọ́n ti iléeṣẹ́ North Haven pa, wọ́n kó iṣẹ́ lọ sí Ilion ní New York, àwọn òṣìṣẹ́ tó mọ̀ ọ́n ṣe kò sì bá a lọ. Ọ̀pọ̀ ọdẹ ló ráhùn nípa àwọn tó kọ́kọ́ jáde láti ibẹ̀. Ruger ló ni Marlin láti 2020, tiwọn dára, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ ga. Nítorí náà, ẹni tó ní JM lọ́wọ́ ní ohun tí àwọn èèyàn ń wá. Tèmi ní JM.

Mossberg kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Tuntun rẹ̀ kò wọ́n, kò sì sí bí àlòkù ṣe fẹ́ wọ́n.

Kí n tó gbé wọn jáde, mo nù wọ́n, mo fi òróró díẹ̀ sí wọn, ó tán. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ha igi ìdí ìbọn, ẹ má sì fún ẹnikẹ́ni ní irin rẹ̀ kó kùn ún ní dúdú tuntun. Àwọ̀ tí iléeṣẹ́ kùn sí i, bó tilẹ̀ ti ṣí díẹ̀, níyì lójú ẹni tó mọ̀ ọ́n ju kíkùn tuntun lọ. Mo tú awò ìfojúsùn tí mo so mọ́ Marlin, mo sì ta awò náà lọ́tọ̀, torí ohun tí ẹ fi kún ìbọn kì í sábà fi nǹkan kún owó rẹ̀. Páálí tó bá Glock wá àti gbogbo mágásíìnì rẹ̀ ni mo kó dání. Ìyẹn ló máa ń fi nǹkan kún un.

Gbogbo ìbọn gbọ́dọ̀ ṣófo, kó wà nínú àpò, kí ọta má sì sí nítòsí wọn. Mo fi wọ́n sínú ọkọ̀, mo kọ́kọ́ wọlé lọ́wọ́ òfìfo, mo sọ fún wọn pé mo ní ìbọn mẹ́ta láti tà, wọ́n ní kí n lọ gbé wọn wá. Ọ̀wọ̀ nìyẹn, ààbò sì ni fún ẹni tó bá dúdú bíi tiwa.

Bàbá òyìnbó kan ló yẹ̀ wọ́n wò. Ó kọ́kọ́ ṣí ọ̀kọ̀ọ̀kan láti rí i pé kò sí ọta. Ó tan iná kékeré sínú ọ̀pá Marlin, ó ń wo àwọn ìlà tó wà nínú rẹ̀ bóyá ó ti dógùn-ún. Ó wo orí àwọn síkúrù, torí síkúrù tí orí rẹ̀ ti jẹ ń sọ pé ẹni tí kò mọṣẹ́ ti tú ìbọn náà rí. Ó fọwọ́ ṣíji bo ojú Glock láti wo àmì tó ń tàn lókùnkùn. Ohun tó ń mú un tàn máa ń dín kù sí ìdajì láàárín nǹkan bí ọdún 12, tèmi sì ti ń di bàìbàì. Ó ka nọ́ńbà ara ìbọn kọ̀ọ̀kan. Bí wọ́n bá ti ha nọ́ńbà kúrò lára ìbọn, ọ̀daràn ni ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀ gbé e dání.

Ó ní 200 dọ́là lówó fún Glock, 130 fún Mossberg, 450 fún Marlin. Bí mo bá fẹ́ fi pààrọ̀, Glock á di 230, Mossberg á di 150. Mo béèrè bó ṣe ṣírò rẹ̀, kò sì fi pa mọ́: ìdajì tàbí díẹ̀ lé ní ìdajì iye tí òun máa tà á ni òun ń san. Ilé ní owó, òṣìṣẹ́ ní owó, ìbọn sì lè pẹ́ nínú gíláàsì. Alárobọ̀ ni, àrobọ̀ ló ń ṣe. N kò rí ìyànjẹ nínú ẹ̀.

Ìbọn 9mm tí mo fẹ́ jẹ́ 540 dọ́là, ibí yìí ni ìṣirò ti wúlò. Ní Texas, owó ohun tí ẹ fi pààrọ̀ máa ń jáde kúrò nínú iye tí wọ́n ń gba owó orí ọjà lé. Owó orí náà jẹ́ ìdá 8.25 nínú ọgọ́rùn-ún ní Houston. Mo fi Glock àti Mossberg pààrọ̀ ní 380, ó ku 160, owó orí rẹ̀ jẹ́ 13.20. Tí mo bá gba owó nílẹ̀, 330 ni mo máa rí, owó orí á sì jẹ́ 44.55 lórí odindi 540. Pípààrọ̀ fi dọ́là 81 àti díẹ̀ sínú àpò mi.

Mi ò ta Marlin ní 450. Mo gbé e sílẹ̀ kí wọ́n bá mi tà á, kí wọ́n mú ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún. Àsìkò dára, torí ọdẹ àgbọ̀nrín ní Texas máa ń bẹ̀rẹ̀ ní Sátidé àkọ́kọ́ oṣù kọkànlá, ṣáájú ìgbà náà sì ni àwọn ọdẹ ń wá ráífù. Ó tà ní 780. 663 ló kàn mí. Kí ẹ mọ̀ pé tí kò bá tà, tí ẹ fẹ́ gbà á padà, ẹ máa kọ fọ́ọ̀mù, wọ́n á sì tún yẹ̀ yín wò bí ẹni tó ń ra tuntun. Bẹ́ẹ̀ náà ni fún ìbọn tí ẹ fi dógò ní ilé ìfidógò.

Ẹni tó ń tà fún ṣọ́ọ̀bù kì í kọ fọ́ọ̀mù 4473. Láísẹ́nsì ọkọ̀ mi ni wọ́n gbà, wọ́n kọ orúkọ, àdírẹ́sì àti nọ́ńbà ìbọn sínú ìwé wọn. Rírà ni fọ́ọ̀mù náà wà fún. Òun ni wọ́n fi ń béèrè lọ́wọ́ FBI, lórí ètò tó ti wà láti 1998, bóyá ó tọ́ kí wọ́n tà fún mi. Ẹ̀yin tó ní gíríìn káàdì lè rà. Ẹ̀yin tó wà lórí físà ọmọ ilé ìwé tàbí ti iṣẹ́, òfin kò gbà yín láyè àyàfi ní àwọn ọ̀nà díẹ̀ bíi níní ìwé àṣẹ ọdẹ, torí náà ẹ bá agbẹjọ́rò sọ̀rọ̀ kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun.

Ẹ̀gbọ́n kan ní Louisiana fẹ́ ra Marlin yẹn lọ́wọ́ mi ní tààrà. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ máà bínú, òfin ìjọba àpapọ̀ kò gbà pé kí n tà á fún ẹni tó ń gbé ìpínlẹ̀ míì láìgba ọwọ́ ẹni tó ní láísẹ́nsì." Ẹnì kan tún sọ pé kí n fi ọ̀kan sínú kọ̀ńténà tó ń lọ sí Èkó. Mo kọ̀ jálẹ̀. Ẹ̀wọ̀n ni fífi ìbọn ránṣẹ́ jáde ní Amẹ́ríkà láìgba ìwé àṣẹ, òfin ìbọn Nàìjíríà tó ti wà láti 1959 kò sì gbà á.

Ẹ gba rìsíìtì fún gbogbo ìbọn tí ẹ bá tà, kí nọ́ńbà rẹ̀ wà lórí rẹ̀. Bí wọ́n bá rí ìbọn kan níbi ìwà ọ̀daràn, ATF, iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ìbọn, máa ń tọpa rẹ̀ láti iléeṣẹ́ tó ṣe é dé ọ̀dọ̀ ẹni tó kọ́kọ́ rà á ní ṣọ́ọ̀bù. Orúkọ mi ló wà lórí Glock yẹn. Rìsíìtì ni mo máa fi fi ọjọ́ tó kúrò lọ́wọ́ mi hàn, inú séèfù kan náà tí ìbọn tuntun wà ni mo tọ́jú rẹ̀ sí.