Ohun Tí Ẹ Lè Fi Ṣe Ògiri Kan Lọ́ṣọ̀ọ́ Nílé Ìdáná

Iṣẹ́ táìlì ni mò ń ṣe. Ohun tí mo sì máa ń kọ́kọ́ bi oníbàárà ni pé, ògiri wo? Èyí tó wà lẹ́yìn sítóòfù kì í ṣe ẹgbẹ́ èyí tó kọjú sí tábìlì ìjẹun.

Lẹ́yìn sítóòfù, táìlì dídán ni tèmi. Epo tó bá ta sí i kò ní ríbi wọ̀. Aṣọ tútù àti ọṣẹ díẹ̀ ti tó o. Àárín táìlì sí táìlì gan-an ni ìdọ̀tí máa ń bá wọlé, nítorí náà, ẹ má fi gíráọ̀tì funfun, ìyẹn ohun tí a fi ń dí àárín táìlì, síbẹ̀. Aláwọ̀ eérú sàn jù. Gíráọ̀tì tó jẹ́ epoxy, ìyẹn oríṣi gọ́ọ̀mù tó máa ń le gan-an, kì í tètè fa àbàwọ́n bíi ti sìmẹ́ǹtì, àmọ́ ó wọ́n.

Òkúta mábù rẹwà, mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n bí omi ọsàn wẹ́wẹ́ bá ta sí i, á jẹ ẹ́ lára, ojú ibẹ̀ á ṣá, kò sì sí ọṣẹ tó lè dá dídán rẹ̀ padà. Bíríkì máa ń fa epo mu: ẹ fi sealer, ìyẹn ohun tí kì í jẹ́ kí epo wọ inú rẹ̀, kùn ún kí ẹ tó dáná níbẹ̀. Pákó ńkọ́? Ó dára lápá ibi ìjẹun, ẹ má gbé e súnmọ́ iná.

Ẹ kọ́kọ́ gbé táìlì kan ṣoṣo ti ògiri náà. Ẹ wò ó lọ́sàn-án, ẹ tanná wò ó lálẹ́, torí àwọ̀ máa ń yí. Tẹ́ ẹ bá ń rà á, ẹ fi 10% lé ohun tí ẹ wọ̀n, kí nọ́ńbà ara páálí wọn sì bára mu. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, àwọ̀ wọn lè yàtọ̀ síra.