Bí mo ṣe ṣírò ìbò ìlú kékeré kan ní Oríire

Nǹkan méjì ni mo fẹ́ mọ̀ nípa ìlú kékeré kan ní ìjọba ìbílẹ̀ Oríire, lápá Ògbómọ̀ṣọ́: èèyàn mélòó ló jáde dìbò lọ́dún 2023, ẹgbẹ́ wo ni wọ́n sì ń tẹ̀ sí. Mi ò ní dárúkọ ìlú náà. Ibùdó ìdìbò kan wà níbẹ̀ tí àwọn tó dìbò kéré débi pé bí mo bá gbé èsì rẹ̀ síta, ará àdúgbò á mọ ẹni tó dìbò fún ta.

Ààlà ni mo kọ́kọ́ fà. Wọ́ọ̀dù yàtọ̀ sí ìlú: wọ́ọ̀dù kan ní ìgbèríko lè kó ìlú kan àti ọ̀pọ̀ abà pọ̀. Apá mẹ́rin ni nọ́ńbà ibùdó ìdìbò INEC, àjọ elétò ìdìbò Nàìjíríà, ní: 30 dúró fún Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, ti ìjọba ìbílẹ̀ tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ti wọ́ọ̀dù, kí ó tó kan ti ibùdó fúnra rẹ̀. Mo kọ gbogbo ibùdó wọ́ọ̀dù náà sílẹ̀, mo sì mú un tọ àwọn àgbà ìlú lọ, torí orúkọ agboolé àti abà máa ń rí ségesège lórí ìwé láìsí àmì ohùn. Àwọn tó jẹ́ ti abà, mo yà wọ́n sọ́tọ̀, mi ò dà wọ́n nù.

Ẹ fura sí ìbò sẹ́nétọ̀. Ìjọba ìbílẹ̀ márùn-ún ló wà ní agbègbè Ògbómọ̀ṣọ́, àmọ́ Àríwá Ògbómọ̀ṣọ́, Gúúsù Ògbómọ̀ṣọ́ àti Oríire ń dìbò ní Àríwá Ọ̀yọ́, nígbà tí Sùúrùlérè àti Ògo-Olúwa ń dìbò ní Àárín Gbùngbùn Ọ̀yọ́. Olùdíje wọn yàtọ̀, ẹ má fi ti Àjáàwà wé ti Ìkòyí-Ilé.

Lórí IReV, ojú òpó tí INEC ń gbé èsì ibùdó sí, mo yan ìdìbò, ìpínlẹ̀, ìjọba ìbílẹ̀, wọ́ọ̀dù, mo wá gba fọ́tò fọ́ọ̀mù EC8A, ìyẹn ìwé èsì ibùdó kọ̀ọ̀kan, sórí kọ̀ǹpútà. Ohun tí mo kọ sínú Excel ni iye tó forúkọ sílẹ̀, iye tí BVAS (ẹ̀rọ tó ń fi ìka tàbí ojú dá olùdìbò mọ̀) dá mọ̀, ìbò tí kò wúlò, àpapọ̀ ìbò tó wúlò, àti ìbò ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ẹgbẹ́ 18 ló wà lórí fọ́ọ̀mù ọdún náà, tí wọ́n tò ní ABD. APC kò jìnnà sí APGA, APM àti APP, ojú sì lè ṣì lọ sí ìlà kejì. Rúlà ni mo gbé lé ojú kọ̀ǹpútà.

Lẹ́yìn náà ni àyẹ̀wò. Ìbò àwọn ẹgbẹ́ gbọ́dọ̀ bá àpapọ̀ ìbò tó wúlò mu. Èyí tó wúlò pẹ̀lú èyí tí kò wúlò kò gbọdọ̀ ju iye tí BVAS dá mọ̀ lọ. Abala 51 òfin ìdìbò 2022 ní kí wọ́n fagi lé èsì ibùdó tó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìwé ìdìbò tó bàjẹ́ kí ó tó wọnú àpótí kò sí nínú ìṣirò yìí, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń pariwo èrú níbi tí èrú ò sí. Bí fọ́tò bá dúdú, ẹ̀dà tó wà lọ́wọ́ aṣojú ẹgbẹ́ ni mo máa ń wò, ti ẹgbẹ́ méjì tó ń bára wọn jà. Bí méjèèjì ò bá dọ́gba, mi ò kọ nǹkan kan sí àyè yẹn.

Ẹ má ṣe kó ìdá ọgọ́rùn-ún àwọn ibùdó jọ kí ẹ wá pín in. Ká ní 24 dìbò nínú 40 níbì kan, 140 nínú 700 níbòmíràn: ìdá 60 àti 20, tí a bá kó wọn jọ pín á di 40. Irọ́ ni. 164 nínú 740 ni, ìyẹn nǹkan bí ìdá 22.

Ibi tó le jù ni iye tí a ó fi pín. Ní gbogbo Nàìjíríà lọ́dún 2023, 93,469,008 ló forúkọ sílẹ̀, 87,209,007 ló gba káàdì, 25,286,616 ni BVAS dá mọ̀. Ẹ pín in pẹ̀lú ti àkọ́kọ́, ìdá 27.1 ni, pẹ̀lú ti kejì, 29.0. Ní ìlú kékeré, àlàfo náà lè fẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Orúkọ olóògbé ṣì wà nínú ìwé, torí láti 2011 ni wọ́n ti ń fi orúkọ kún un. Ọ̀dọ́ tó forúkọ sílẹ̀ nílé ti wà n'Ìbàdàn tàbí Èkó, kò sì lè dìbò láti ibẹ̀. Ìséde ọjọ́ ìdìbò kò jẹ́ kí ó wọlé láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, ẹni tó sùn sí abà á fẹsẹ̀ rìn. Èmi pẹ̀lú aṣojú ẹgbẹ́ méjì jọ wo ìwé orúkọ olùdìbò náà láti agboolé kan sí èkejì, a fi àmì sí olóògbé àti ẹni tó ti kó lọ. Ká ní 612 ló wà nínú ìwé tí 171 dìbò, ìdá 27.9 nìyẹn. Yọ olóògbé 38 àti ẹni 190 tó ti kó lọ, 384 ló kù, ó di 44.5. Mo máa ń kọ méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ẹni tó bá kọ ìkejì nìkan ń tan èèyàn jẹ ni.

Ní ti ẹgbẹ́, ìdìbò kan ṣoṣo kò tó. Ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ní 25 oṣù Kejì 2023, Tinúbú ti APC ní 449,884, Atiku ti PDP ní 182,977. Ní 18 oṣù Kẹta, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré lẹ́yìn náà, Mákindé ti PDP ní 563,756, Fọlárìn ti APC ní 256,685. Ẹni tó wo ti ààrẹ nìkan á ní ilé APC ni wá, ẹni tó wo ti gómìnà á ní ilé PDP ni. Mo tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn fún ibùdó kọ̀ọ̀kan. Bí iye tí BVAS dá mọ̀ lọ́jọ́ méjèèjì bá súnmọ́ra, ó ṣeé ṣe kí àwọn èèyàn kan náà ti yí ìbò padà. Bí ó bá jìnnà síra, ó lè jẹ́ àwọn mìíràn ló jáde. Àpapọ̀ ìbò nìkan ò lè sọ èwo ni.

Mo tún ń kọ orúkọ olùdíje sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ ẹgbẹ́. Lọ́dún 2015, Àlàó-Akálà, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ló du gómìnà lábẹ́ Labour. Lọ́dún 2023, Peter Obi ló du ààrẹ lábẹ́ rẹ̀. Ẹni tó bá fi ìlà kan so ìbò Labour méjèèjì kò tíì mọ Ògbómọ̀ṣọ́.

Fún 2019, kò sí EC8A lórí IReV, torí ọdún 2020 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Lọ́dún 2021 pẹ̀lú, ibùdó ìdìbò pọ̀ sí i ní Nàìjíríà láti 119,974 sí 176,846, ibùdó tẹ́lẹ̀ sì lè ti pín sí méjì tàbí mẹ́ta. Wọ́ọ̀dù ni mo fi wé wọ́ọ̀dù, láti inú EC8B, ìwé àkópọ̀ èsì wọ́ọ̀dù. Ìbò ìjọba ìbílẹ̀ tí OYSIEC, àjọ elétò ìdìbò Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, ń ṣe ò sí lórí IReV, mi ò sì dà á mọ́ èyí.