Ìtọ́sọ́nà lórí Àrùn Mpox fún Àgbẹ̀, Ọdẹ àti Àwọn Tó Ń Se Ẹran Ìgbẹ́ ní Abẹ́òkúta

Ẹni tó bá gba ọ̀nà Ìbàdàn wọ Abẹ́òkúta yóò ti rí ẹran ìgbẹ́ tí wọ́n gbé kọ́ sórí igi lẹ́bàá títì: òkété, ọ̀yà, ọ̀kẹ́rẹ́. Ìwé yìí kò wá láti gba oúnjẹ lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Ohun tó wá sọ ni pé ewu àrùn mpox, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣì ń pè ní monkeypox, kò sí nínú ọbẹ̀ tó jinná dáadáa bí ó ṣe wà lọ́wọ́ ẹni tó ń pa ẹran náà, tó sì ń kun ún, kó tó dé orí iná.

Kòkòrò àìfojúrí tó jẹ́ ìbátan èyí tó ń fa ṣànpọ̀nná ló ń fa mpox. Ọdún 1958 ni wọ́n kọ́kọ́ rí i lára àwọn ọ̀bọ tí wọ́n kó sí ilé ìwádìí ní ìlú Copenhagen, ní Denmark, àmọ́ àwọn ẹran bí òkété àti ọ̀kẹ́rẹ́ ni àwọn onímọ̀ fura sí jù pé ó ń gbé lára wọn. Ní ọdún 1970, wọ́n rí i lára ọmọ ọwọ́ kan ní Kóńgò. Ó dé Nàìjíríà ní 1971, ó tún yọjú ní 1978, lẹ́yìn náà a kò gbúròó rẹ̀ mọ́ títí di 2017, nígbà tó bẹ́ sílẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Bayelsa tó sì tàn ká. Abẹ́rẹ́ àjẹsára ṣànpọ̀nná, tí àpá rẹ̀ ṣì wà lápá àwọn àgbàlagbà wa, máa ń dáàbò boni lọ́wọ́ mpox pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n nígbà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde ní 1980 pé ṣànpọ̀nná ti kásẹ̀ nílẹ̀, wọ́n dá abẹ́rẹ́ náà dúró, nítorí náà bàbá àgbà lè ní ààbò tí ọmọ-ọmọ tí wọ́n jọ ń lọ sóko kò ní.

Ẹ wo bí a ṣe ń ṣe òkété nílé. Ọdẹ yọ ọ́ nínú pàkúté, bóyá òkété náà tilẹ̀ ti bù ú jẹ. Ó gbé e fún ìyàwó, ìyàwó gbé e fún ọmọ pé kó fi iná jó irun rẹ̀, kó sì fi ọ̀bẹ họ ọ́. Wọ́n la inú rẹ̀, wọ́n fi ọwọ́ lásán fa ìfun yọ, ẹ̀jẹ̀ sì ń ṣàn sórí ìka tí àdá tàbí ẹ̀gún ti gé lóko láàárọ̀. Ojú ọgbẹ́ yẹn ni àrùn ń gbà wọlé, bẹ́ẹ̀ náà ni ojú, imú àti ẹnu tí a bá fi ọwọ́ náà nù. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́. Bí kò bá sí, láílọ́ọ̀nù tí a so mọ́ ọrùn ọwọ́ sàn ju ọwọ́ òfo lọ. Ẹ má fi iṣẹ́ yìí rán ọmọdé, kí ẹni tó ní egbò lọ́wọ́ má sì dá sí i. Ẹ fi ọṣẹ fọ ọ̀bẹ àti pákó kí ẹ tó gé ẹ̀fọ́ lórí rẹ̀. Ẹran tí ìta rẹ̀ ti gbẹ lórí ààrò ṣùgbọ́n tí inú rẹ̀ ṣì pọ́n kò tíì jinná.

Òkú ẹran tí ẹ bá bá lóko, tàbí èyí tó ń ta gọ́ọ́gọ́ọ́ tí kò lè sá, ẹ má gbé e wálé. Ẹ wa ilẹ̀ jìn, kí ẹ fi ọkọ́ wọ́ òkú ẹran náà sínú rẹ̀. Àwọn tó ń ra òkété láàyè fún ìpèsè Ifá náà ní láti fi ìbọ̀wọ́ dì í mú. A ò sì gbọdọ̀ so òkété tàbí ọ̀bọ mọ́lẹ̀ fún ọmọ láti fi ṣeré: ní 2003, àwọn ẹran tí wọ́n kó láti Gánà lọ sí Amẹ́ríkà, tí òkété wà nínú wọn, kó àrùn yìí ran àwọn ẹran tí wọ́n ń tà fún sísìn nílé, ìwọ̀nyẹn sì kó o ran ènìyàn.

Láàárín ọjọ́ 1 sí 21 tí àrùn náà bá wọ ara ni ó máa ń fara hàn. Ibà, orí fífọ́ àti ẹ̀yìn ríro lè ṣáájú, kí ara tó sú ní ojú, àtẹ́lẹwọ́, àtẹ́lẹsẹ̀, inú ẹnu tàbí ojú ara. Ohun tó sú náà á di omi, á di ọyún, á sì di èépá. Kókó tó wú lọ́rùn tàbí ní abíyá jẹ́ àmì tí kì í sábà bá ṣíkìnpọ́ọ̀sì rìn, ṣùgbọ́n àyẹ̀wò nìkan ló lè fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ni ara wọn máa ń yá láàárín ọ̀sẹ̀ 2 sí 4. Àwọn ọmọ kéékèèké, aláboyún àti àwọn tí agbára ìdènà àrùn inú ara wọn ti dínkù ni ó máa ń mú le. Aláìsàn lè kó o ran ẹlòmíràn nípa ìfarakanra, ìbálòpọ̀, aṣọ àti ẹní, títí gbogbo èépá yóò fi bọ́ tí awọ tuntun yóò sì hù. Kí ó dá yàrá sùn. Kí ẹnì kan ṣoṣo máa tọ́jú rẹ̀, kí ó fi ibọ̀mú bo ẹnu àti imú, kí ó sì máa fi ìbọ̀wọ́ fọ aṣọ aláìsàn náà lọ́tọ̀. Ẹ má tẹ ohun tó sú náà bẹ́.

Ẹ tètè lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba ní Ìjàyè tàbí ti ìjọba àpapọ̀ ní Ìdí-Àbà, tàbí kí ẹ pe NCDC, àjọ tó ń dènà àrùn ní Nàìjíríà, lọ́fẹ̀ẹ́ lórí 6232. Kí aláìsàn fi aṣọ bo ara rẹ̀ lọ́nà, kí ó má wọ ọkọ̀ tí èrò kún inú rẹ̀ bí ẹ bá lè yẹra fún un. Bí ẹ bá ti dé iwájú nọ́ọ̀sì, ẹ sọ fún un kó tó béèrè pé ẹ kun ẹran ìgbẹ́ láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, kí ẹ dárúkọ ẹran náà àti ibi tí ẹ ti rà á tàbí ibi tí ẹ ti pa á.