Ó ní "bẹ́ẹ̀ ni", ṣùgbọ́n kò yé e: àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ pẹ̀lú òṣìṣẹ́ tó ti òkèèrè wá sí sáìtì

Ẹ bi òṣìṣẹ́ ìkọ́lé tó dé láti ìlú òkèèrè lọ́sẹ̀ tó kọjá bóyá ohun tí ẹ ṣàlàyé yé e. "Bẹ́ẹ̀ ni" ni yóò sọ. Ó yá owó kó tó rí ọ̀nà wá, ìwé ìgbélùú rẹ̀ so mọ́ iṣẹ́ náà, ará ilé sì ń retí owó oṣù àkọ́kọ́. Ṣé irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni yóò sọ níwájú ọ̀gá pé kò yé òun? Àṣìṣe tó bí ọ̀pọ̀ nínú àwọn yòókù nìyí: kí a ka "bẹ́ẹ̀ ni" sí òye.

Ẹ má béèrè bóyá ó yé e mọ́. Ẹ ní kó ṣe é lójú yín. Kó wọ bẹ́líìtì tí wọ́n fi ń so ara mọ́ okùn lókè, kó wá ibi tí yóò so okùn náà mọ́ fúnra rẹ̀. Tó bá so ó mọ́ páìpù tí kò lè gbé e, ó ti dá yín lóhùn. Ìwé tí wọ́n ń fọwọ́ sí lẹ́yìn ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kò lè fi èyí hàn yín. Ní tèmi, ilé-iṣẹ́ ni ìwé yẹn ń dáàbò bò, kì í ṣe ẹni tó wà lórí pákó ní àjà kẹta.

Ti ògbufọ̀ tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó kó àwọn òṣìṣẹ́ náà wá, tàbí fóómànù tó gbọ́ díẹ̀ nínú èdè wọn, ni wọ́n sábà máa ń ní kó túmọ̀. Ẹni yìí kan náà ló mọ gbèsè tí wọ́n jẹ, òun ló sì ń kọ orúkọ àwọn tí yóò ṣiṣẹ́ lọ́la. Tí òṣìṣẹ́ bá ní pákó tí àwọn ń tẹ̀ ń mì, ẹnu ẹni yìí ni ọ̀rọ̀ náà yóò gbà kọjá. Kó má yà yín lẹ́nu tó bá dé etí yín pé "ó ní kò sí wàhálà". Ògbufọ̀ tí kò lọ́wọ́ nínú owó wọn ni kí ẹ wá. Ẹ má sì rò pé ìkìlọ̀ tí wọ́n túmọ̀ sí èdè wọn, tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri, ti tó. Ọ̀pọ̀ ló ń sọ èdè tí kò lè kà. Àwòrán dára jù.

Àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Síbẹ̀ ọjọ́ àkọ́kọ́ gan-an ni wọ́n máa ń gbé iṣẹ́ tó le jù fún lébìrà tuntun, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá ọkùnrin ni. Nínú ooru, èyí lè pa ènìyàn. NIOSH, àjọ tó ń ṣèwádìí ààbò òṣìṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, dámọ̀ràn pé kí iṣẹ́ ẹni tuntun nínú ooru má ju ìdá 20 nínú 100 lọ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kí àfikún ojoojúmọ́ má sì ju ìdá 20 lọ. "Ìlú olóoru ló ti wá" kì í ṣe àwíjàre: ẹni tó bá kúrò nídìí iṣẹ́ inú ooru fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀, ara rẹ̀ ti gbàgbé púpọ̀.

Ẹ má gba owó akoto àti bàtà lọ́wọ́ wọn, ẹ má sì yọ ọ́ nínú owó iṣẹ́. Àdéhùn 167 ti ILO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́, èyí tí wọ́n ṣe lọ́dún 1988 lórí ààbò níbi iṣẹ́ ìkọ́lé, sọ pé agbanisíṣẹ́ ni yóò pèsè wọn lọ́fẹ̀ẹ́. Àdéhùn kan náà fún òṣìṣẹ́ lẹ́tọ̀ọ́ láti kúrò níbi tó bá ní ìdí gidi láti gbà pé ewu ńlá fẹ́ ṣẹlẹ̀.

Ẹ̀tọ́ yìí ni àlejò kì í lè lò. Wọ́n ti gba páásípọ́ọ̀tù rẹ̀ "pamọ́ fún un" (ILO ka irú èyí mọ́ àmì iṣẹ́ àfipáṣe), ilé iṣẹ́ ló sì ni yàrá tó ń sùn. Bó bá pàdánù iṣẹ́ lónìí, kò ní ibùsùn lálẹ́. Ẹ wá ní kó pariwo pé ògiri kòtò ìpìlẹ̀ ń là! Bẹ́ẹ̀, kúbíkì mítà iyẹ̀pẹ̀ kan lè wúwo tó tọ́ọ̀nù kan àti ààbọ̀. Ẹni tí iyẹ̀pẹ̀ bá bò dé àyà kò ní lè mí dáadáa, bí orí rẹ̀ tilẹ̀ wà níta. Ẹ dá páásípọ́ọ̀tù padà kí ẹ tó máa kọ́ wọn ní ẹ̀tọ́ wọn.

Wọ́n ní ẹni tó jìn sí kòtò ló kọ́ ará tó kù lọ́gbọ́n. Ní sáìtì tí wọ́n ti ń fi ìpalára pamọ́, ará tó kù kò ní gbọ́ rárá. Lọ́jọ́ tí àlejò kan bá kọ́kọ́ dá iṣẹ́ dúró nítorí ewu, gbogbo ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni yóò máa wo ohun tí ẹ máa ṣe sí owó wákàtí yẹn. Ẹ san án, kódà bó bá hàn lẹ́yìn náà pé kò sí ewu níbẹ̀.